Jórinjórin Tó Lọ Wọn Géètì

Inú ń bí Aríná-má-sá jórinjórin. Inú ń bí i sí ayánilówó, inú ń bí i sí ìwé àdéhùn owó náà, inú sì ń bí i sí ìyàwó rẹ̀ tó ń kà á sí i létí. Lọ́dún tó kọjá ló yáwó ra ẹ̀rọ ìjórin tuntun. Wọ́n ní èlé rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ó ní kékeré nìyẹn, ó tọwọ́ bọ̀wé. Ìlà kejì ló sọ pé oṣooṣù ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin gidi kì í kàwé dé ìlà kejì. Ní báyìí, bí kò bá rówó san di ọjọ́ Ẹtì, wọn á wá gbé ẹ̀rọ lọ.

"Màmá tó fẹ̀yìntì ní báńkì ńkọ́, èyí tí ẹgbẹ́ yín pè wá kọ́ yín nípa owó?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ó rántí. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Àmọ́ láàárín àwọn jórinjórin, ẹni tó bá jókòó síwájú níbi ẹ̀kọ́ owó ti jẹ́wọ́ pé òun ò lówó. Gbogbo wọn rọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Aríná-má-sá gan-an ló pariwo pé, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ fún wa lówó ná, ká lè rí nǹkan fi dánra wò!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí màmá fi palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́.

"Ẹ lọ bá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n lè bá yín bẹ ayánilówó."

"Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹ̀rọ yín ló ń lọ o, kì í ṣe tèmi."

Ó lọ. Ó ku díẹ̀ kó kan géètì màmá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lódìkejì títì figbe ta: "Aríná-má-sá! Ṣé o fẹ́ lọ kàwé àgbà ni?"

Ọwọ́ tó fẹ́ fi kanlẹ̀kùn bá bọ àpò, ó fa téèpù yọ. "Ìwé wo? Iṣẹ́ ni mo wá wò!" Ó wọn gíga, ó wọn ìbú. Màmá jáde.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Géètì yín ti ń dípẹtà, mà."

Màmá wò ó lójú. "Ṣé ìyẹn nìkan lo bá wá?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wò lódìkejì.

"Ìyẹn nìkan ni, mà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń ṣépè fún ayánilówó. Mẹ́ta nínú wọn ti yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Èpè tiwọn ló le jù.

"Ẹ yé ṣépè!" ni Aríná-má-sá jágbe. "Ẹ lọ ka ìwé yín, ẹ̀yin òmùgọ̀!"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ẹ má dá a lóhùn, ìbínú ló ń mú un sọ ìsọkúsọ.