Ọwọ́ Tí Kì í Gbọ̀n

Gbogbo Sátidé ni Uncle, olórí ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Marietta, ní Amẹ́ríkà, máa ń lọ fi ìbọn dánra wò. Wọ́n ní ọwọ́ tí kò bá yìnbọn lọ́sẹ̀ kan ti di ọwọ́ àlejò. Bébà àfojúsùn tí wọ́n fi ọta dálu wà nínú férémù ní pálọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí yunifásítì wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, a gbọ́ tí ẹnìkan rọra ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Uncle na ìbọn síbẹ̀. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Daddy, èmi ni o!"

Ọmọbìnrin wọn ló ti college dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Uncle gbé ìbọn kalẹ̀ ni ọwọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Sátidé tó tẹ̀lé e, wọn ò lọ dánra wò; ilé ni mo bá wọn. Wọ́n ń wò mí láti ojú fèrèsé bí mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn, síbẹ̀ wọ́n pariwo: "Ta nìyẹn?"