Bọ́tìnnì Méjì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fẹ́ Tẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo kàwé dé. Mo kà á dé ọjọ́ tí tíṣà ya ọsàn kan sójú pátákó, tó ń pín in sí wẹ́wẹ́, tó ní kí n sọ ìdá tó ṣẹ́kù. Mo ní kò ṣẹ́ kù mọ́, mo ti jẹ ẹ́. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde lọ́jọ́ náà, mo sì gbé fèrèsé ọ̀hún dání lọ sóko kí wọ́n má baà rí ibi tí wọ́n á gbà lé mi.

Ẹni tó dá mi padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ni ọmọ ọmọ mi obìnrin. Èmi ọmọ Ìlobù ni mo bí ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kì í wá sọ́dọ̀ wa ju ìgbà họlidé lọ. Èmi a máa pè é ní ìyàwó mi, òun náà a máa pè mí ní ọkọ òun. Ìgbà tí inú bá ń bí i ló máa ń rántí pé bàbá àgbà ni mí.

Lọ́dún yìí ó gbé kọ̀ǹpútà dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ẹ̀kọ́ tuntun lòun ń kọ́.

“Ẹ̀kọ́ kí ni?”

“Bí a ṣe ń ṣètò ojú áàpù àti ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ọkọ mi. Kó má baà ni ẹni tó ń lò ó lára.”

“Áà! Ẹ ń kọ́ fóònù ní ẹ̀kọ́ ilé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun á lọ sọ ọ́ fún olùkọ́ òun, òun á sì ní òun lòún rò ó.

Iṣẹ́ tó fẹ́ fi parí ẹ̀kọ́ náà ni áàpù tí àgbẹ̀ á fi máa pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí wọ́n ṣe àpótí irin sí lẹ́yìn, kó wá kó irè oko. Olùkọ́ rẹ̀ ní àwọn àgbà tó ń dáko gan-an ni kó gbé fóònù lé lọ́wọ́. Kó jókòó tì wọ́n, kó máa wò wọ́n, kó má ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí àgbà ò bá lè fúnra rẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ kan sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ti ṣèlérí fún un ní Òṣogbo, ìwé ẹ̀rí yẹn nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

Orí mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó bá ń wá sí yín lọ́kàn ni kí ẹ máa sọ jáde.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí rí pé kí n máa sọ̀rọ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ibì kan, mo rántí ewúrẹ́ kan tí mo ní nígbà kan, tó máa ń dá wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo láti lọ ra iyọ̀ wá fún mi. Mo tẹ ibòmíràn, mo sọ bí ewúrẹ́ náà ṣe máa ń kan awakọ̀ tó bá fẹ́ jẹ ṣéńjì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù kejì. Ìgbà tí mo dé ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, mo bá a tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Níbo ni oko yín wà? Bọ́tìnnì méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní Ìlobù, èkejì ní Ìfọ́n.

Mo rọra gbé fóònù sórí ẹní.

“Ó dáa gan-an, ìyàwó mi. Ọlọ́run á gbé ọ ga.”

“Ẹ ò tíì parí rẹ̀.”

“Ewúrẹ́ ni mi ò tíì parí,” ni mo wí, mo sì ń bá ìtàn lọ.

Ó gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ mi, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì tí a jọ máa ń ta dráàfù. Òun náà tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀, ó dúró, ó ní, “Orí ẹ pé, ọmọ yìí! Wàá jèrè ọgbọ́n rẹ.” Ó dá fóònù padà, ó ní ojú ń dun òun. Ojú yẹn kan náà ló rí ọmọ dráàfù tí mo fi àtàǹpàkò bò mọ́lẹ̀!

Ọmọ náà wọkọ̀ lọ sí Ìfọ́n, sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, àna mi, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó sì ń yan gàárì. Ìyá náà dé ibẹ̀, ó wo fóònù, ó wo ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàdúrà. Àdúrà yẹn gùn, gàárì tó fi tì í lẹ́yìn sì kún àpò.

Ọmọ náà rò pé bọ́tìnnì ló kéré fún ojú arúgbó. Ó sọ ọ́ di ńlá bí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó pa ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ó pa èkejì láró. Ó tún gbé e káàkiri. Àdúrà ló ń rí gbà, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Ní àárọ̀ tó ku ọ̀la kó padà, mo bá a lẹ́yìnkùlé, ẹ̀kọ gbígbóná ti di tútù níwájú rẹ̀.

“Ìyàwó mi, kí ni ẹ̀kọ ṣe ọ́?”

“Bàbá, bóyá mi ò mọ iṣẹ́ yìí ni. Gbogbo yín ń yìn mí, ẹnikẹ́ni ò sì parí rẹ̀. Ẹ ò ṣe sọ pé kò dáa, kí n mọ̀!”

Ó pè mí ní Bàbá. Irọ́ aládùn kan ti wà lẹ́nu mi, nípa fóònù tí àǹjọ̀nú ń dì mú lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ mo gbé e mì.

Mo jókòó tì í. “Bọ́tìnnì rẹ ò ṣẹ̀. Apá ibi tí mo ń dáko, apá ibẹ̀ náà ni àna mi ń dáko. Bí wọ́n bá bi wá ní Ìlobù, a ó ní tiwa ni. Bí wọ́n bá bi wọ́n ní Ìfọ́n, wọ́n á ní tàwọn ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, omijé tó ti mú wá kọjá àfẹnusọ. Ìwọ wá gbé fóònù lé arúgbó lọ́wọ́, o ní kó fi ìka kan dá ẹjọ́ tí àwọn àgbààgbà ò tíì dá tán.”

Ó ranjú mọ́ mi. “Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?”

“Ta ni ká rán? Bí mo bá tẹ Ìlobù níṣojú rẹ, mo ti ta ilé bàbá rẹ nù. Bí ìyá àgbà rẹ bá tẹ Ìfọ́n, ó ti ta ilé ìyá rẹ nù. Tiwa méjèèjì ni ọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ìka là ọ́ sí méjì.”

Ó sunkún díẹ̀, kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ló nu imú. “Ni ẹ bá ń fi ewúrẹ́ dí mi lójú.”

“Ewúrẹ́ dáadáa ni.”

Ó fa ẹ̀kọ sọ́dọ̀, ó ń mu ún, ó sì ń ronú. “Ọkọ mi, bí ẹ bá fẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ wá bá yín lóko, kí lẹ máa ń sọ fún un lórí fóònù?”

“Mo máa ń ní, ‘Sọdá odò, máa bọ̀ níbi tí ọ̀pẹ ti tẹ̀ bí arúgbó. Bí o bá gbọ́ tí ajá ń gbó, o ti kọjá mi.’”

“Ẹ kì í dárúkọ ìlú?”

“Ìlú ni yóò wá gbé ẹ̀gẹ́ ni?”

Ó fi ẹ̀kọ sílẹ̀, ó sáré wọlé lọ bá kọ̀ǹpútà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀ jọ lọ kí àna mi lóko rẹ̀. Bọ́tìnnì méjèèjì ti lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, tí wọ́n ya ẹnu sí: kí àgbẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ júwe ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́.

Àna mi ní, “Àna wa, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀gẹ́ nílẹ̀.”

Ó tẹ̀ ẹ́. “Oníkẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọ̀nà. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ojú lọ́nà o…” Gbẹ́! Fóònù pa ẹnu dé, àyè ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì júwe ohunkóhun.

“Ó já lu ọ̀rọ̀ mi!” ni àna mi kígbe. “Ọmọ ta ni fóònù yìí?”

Ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà sórí òkìtì ẹ̀gẹ́, ó sọ àyè ọ̀rọ̀ di gígùn. Àna mi tún kí oníkẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kí i tán, ó júwe ọ̀nà, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí dé òpin. A jókòó sórí àpò, a ń wo ẹnu ọ̀nà oko. Èmi pàápàá gbàgbé ewúrẹ́ mi.

Nígbà tó yá, a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Oníkẹ̀kẹ́ yọ lábẹ́ ọ̀pẹ.

“Ta ló kí mi tó báyìí?” ló ń bi wá kó tó sọ̀ kalẹ̀. “Mo rò pé ìyá mi ni, mi ò tiẹ̀ lè jókòó jẹun mọ́!”

Ọmọ ọmọ mi dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ẹ̀gẹ́.

Lẹ́yìn tó padà sí Òṣogbo, ó pè mí. Igbe ayọ̀ rẹ̀ fẹ́ ya etí mi. “Ọkọ mi, wọ́n ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí! Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Mo súre fún un títí.

“Ẹ dúró ná,” ó wí. “Olùkọ́ mi gbọ́ gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu yín. Ó ní kí n bi yín, kí ló gbẹ̀yìn ewúrẹ́?”

Mo ní kó sọ fún un pé ewúrẹ́ náà ṣì wà ní Òṣogbo, ó gbé iyọ̀ sẹ́nu, ó ń retí kẹ̀kẹ́. Mo ní kí òun ìyàwó mi náà tètè wá nǹkan ṣe sí áàpù náà, kí ẹni tí kò ní ìka lè rí i tẹ̀.