Lẹ́tà Tí Mi Ò Kà fún Wọn

Pátákó ọ́fíìsì bàbá mi, tá à ń pè ní bùrò, ni mò ń kùn lọ́wọ́ nígbà tí ìyá àgbà tó ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà Ádjamé wọ àgbàlá wa ní Koumassi Remblais. Ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ló ń bá mi di agolo ọ̀dà mú. Orúkọ bàbá mi ti wà lára pátákó náà tipẹ́. "Àti ọmọbìnrin rẹ̀" ni mò ń fi kún un ní Faransé, mi ò sì tíì kọ ọ́ tán.

Ìyá ò jókòó.

"Madáàmù oníbùrò, ẹ kú iṣẹ́ o! Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ fún wa, Faransé ibẹ̀ mà dùn o. Ó dùn débi pé àwọn ìjọba ìlú ní méérì fún wa ní ohun tá ò tọrọ."

Ẹni tó wẹ̀ mí ní jòjòló ló ń pè mí ní "ẹ". Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Wọ́n ní ká kó kúrò ní ìlà wa. Ẹ̀yìn ọjà lọ́hùn-ún ni wọ́n fún wa, níbi tí ọkọ̀ gbàkà kankan kì í gbé èrò dé. Wọ́n ní àwa la bẹ àwọn. Ṣé àwa la bẹ̀ wọ́n?"

Ọ̀dà ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi kì í ṣe lọ́yà. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ l'Ádjamé ni bùrò rẹ̀. Bí ìjọba bá gbé òfin kan dé, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá wa ò mọ èwo ni ṣíṣe, òun ni wọ́n ń wá. Á bá wọn ro ọ̀nà tí wọ́n á gbà, ẹni tí wọ́n á lọ rí, ohun tí wọ́n á sọ. Tó bá kọ lẹ́tà tán, á kà á fún wọn ní Yorùbá, á wá ní kí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ rárá láàárín wọn tún un sọ. Bí ohun tí onítọ̀hún sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fẹ́, bàbá mi á ya lẹ́tà náà, á kọ òmíràn. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ̀ ń fi ìwé ṣòfò."

Lẹ́yìn tó kú, bùrò náà wà ní títì títí mo fi lọ ṣí i, tí mo gbá a, tí mo nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Àwọn ìyá oníabọ́ ló kọ́kọ́ wá, torí méérì fẹ́ kó wọn kúrò ní ìlà wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n kọ: "A ò kúrò." Èmi rò ó pé méérì ò ní gbà. Mo wá kọ ọ́ pé wọ́n á kúrò, ṣùgbọ́n kí méérì fún wọn níbi tó dáa. Mo pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ka sí lẹ́tà náà, ìyá bi mí pé, "O ò ní kà á fún wa bíi ti bàbá rẹ?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ka. Ká ní mo kà á ni, wọn ì bá má tẹ̀ ẹ́. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

"Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá," ni mo sọ nígbẹ̀yìn.

Ó wo pátákó. "Bàbá rẹ ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Rárá, mà."

"Jẹ́ kí pátákó rẹ̀ máa jẹ́ tiẹ̀, nígbà náà."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí méérì. Akọ̀wé ibẹ̀ na lẹ́tà mi sí mi, ó fi àwọn ìka tí wọ́n tẹ̀ hàn mí. "Àwọn ìyá yín ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ni?" Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n, èmi ni mi ò kọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìyá ń kó lọ sẹ́yìn ọjà, mo bá wọn ru abọ́. Ẹnikẹ́ni ò lé mi, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oníṣòwò kankan ò gun àtẹ̀gùn bùrò wa mọ́. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé.

Ọmọ mi bi mí pé, "Màámi, ṣé ká parí pátákó náà?"

"Rárá, ọmọ mi," ni mo sọ fún un. "Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi, èmi lọ kọ tèmi. Ìyá ò ṣẹ̀ wá o. Tó o bá rí wọn, kúnlẹ̀ kí wọn, bí wọn ò tiẹ̀ dá ọ lóhùn. Gbé ọ̀dà funfun yẹn wá, ká fi pa tèmi rẹ́ níbẹ̀, kó ku ti bàbá àgbà nìkan."