Òróró Ẹfinrin Nídìí Àgbá Ọlọ́tí

Bí o bá gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ní Fìdítì lẹ́yìn òjò, òórùn ẹfinrin ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Kì í ṣe ẹfinrin inú ọgbà ni mò ń wí o. Èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko ni, ewé rẹ̀ kéré, bí o bá sì rún un láàárọ̀, òórùn rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ di ìrọ̀lẹ́. Òun ni wọ́n fi ń wo inú rírun fún gbogbo wa, ọmọ Aládùúrà àti ọmọ Mùsùlùmí. Nígbà tí mo dé ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ní òróró ewé yìí ni mo fẹ́ yọ, kí n wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ewé ọbẹ̀ lásán ni. Gáàsì sì ti tán ní láàbù wa. Ó ní bí mi ò bá mú òróró dé kí oṣù tó parí, màá tún ọdún náà ṣe. Háà! Èmi kọ́.

Mo gbalé lọ. Ìyá kan wà lójú ọ̀nà Ìlọrà tó ń se ògógóró. Àgbá irin wà lórí iná rẹ̀, páìpù bàbà jáde lórí rẹ̀, ó gba inú omi tútù kọjá, ọtí á sì máa kán tó-tó-tó sínú ìgò. Ohun tí láàbù wa ní náà nìyẹn, kìkì pé gíláàsì ni tiwa. Bí ooru omi bá gba àárín ewé kọjá, yóò gbé òróró dání; bó bá tutù tán, òróró á léfòó sórí omi. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé alàgbà ni bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, wọ́n sì ka ọtí léèwọ̀ níbẹ̀ pátápátá.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní àgbá yín.”

Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. “Ọmọ alàgbà? Bàbá ẹ mọ̀?”

“Wọn ò mọ̀, Màmá.”

“Tètè lọ já ewé nígbà náà.”

Ti àkọ́kọ́ kò jẹ́. Omi tó kán jáde funfun bí omi ògì, kò sì sí òróró kankan lórí rẹ̀. Ìyá náà tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní, “Ọtí ṣì wà nínú àgbá. Ọtí ló gbé òróró ẹ mì.” Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ìwé kẹ́místrì wí gẹ́lẹ́ nìyẹn: òróró ewé kì í bá omi rẹ́, àmọ́ ó ń bá ọtí rẹ́. Èmi tí mo kà á nínú ìwé gbàgbé, obìnrin tí kò jókòó sí kíláàsì rí ló rán mi létí! Àwa méjèèjì fi eérú àti omi gbígbóná fọ àgbá náà, a se omi lásán gba inú rẹ̀ kọjá títí òórùn ọtí fi tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo já ewé tuntun kí oòrùn tó mú.

Iná ti ń jó dáadáa nígbà tí bàbá mi yọ. Ẹnìkan ti lọ fẹjọ́ mi sùn wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ wo ìyá náà lójú.

“Dìde, ká lọ sílé. Ọmọ tèmi, nídìí ọtí!”

“Ewé ni, Bàbá. Ẹfinrin ni.”

“Mo ní dìde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má padà sílé mi.”

Mi ò ko bàbá mi lójú rí láyé mi. Ṣùgbọ́n bí iná yẹn bá kú, ewé mi ṣòfò, ọdún mi sì lọ. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo sì ti igi kan sí i nídìí àgbá. “Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè lọ.” Wọ́n yíjú padà, wọ́n lọ. Kó tó di ọ̀sán, òróró ti léfòó, ó pọ́n díẹ̀, kò ju ṣíbí méjì lọ, òórùn rẹ̀ sì ń gún ni nímú. Ilé ìyá náà ni mo sùn ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbé òróró náà padà sí yunifásítì.

Ní yunifásítì, a rí i pé táímọ́ọ̀lù, èròjà kan tó ń pa kòkòrò àrùn, pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú àwo ìdánwò, kòkòrò kankan kò lè hù níbi tí a kán an sí. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo yege. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ìbínú wọn rọ̀, inú wọn sì dùn débi pé wọ́n mú mi lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rọra sọ fún mi pé, “Yunifásítì ni kó o ní o ti ṣe é. Má dárúkọ obìnrin yẹn.”

Mo dìde láti jẹ́rìí. “Ẹ yin Olúwa!” Ìjọ dáhùn pé, “Halelúyà!” Mo ròyìn ewé, mo ròyìn iná, mo ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ìyá tó ń se ògógóró lójú ọ̀nà Ìlọrà ràn mí lọ́wọ́. Ẹ yin Olúwa!” Bàbá mi tẹrí ba. Mo dúró. Mo tún un pè, “Ẹ yin Olúwa!” Nígbà tí kò sẹ́ni tó dáhùn, èmi fúnra mi dáhùn: “Halelúyà!” Mo sì jókòó.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi fi ní mo dójú ti àwọn. Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹun lórí ìmọ̀ ẹlòmíràn tí kò lè dárúkọ rẹ̀ níwájú èèyàn, olè ni, ìbáà wọ aṣọ funfun. Mi ò tọrọ àforíjì nígbà náà, mi ò sì ní tọrọ rẹ̀ lónìí.