Háúsá Tí Mo Kọ́ Nídìí Agbọ̀n Obì

Ràṣídà, ọmọ àbúrò mi, ń dirun lánàá, fóònù rẹ̀ sì ń sọ èdè Faransé gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń wọlé fúnra rẹ̀ ni." Ẹ̀rín pa mí. Èmi náà ti dúró de èdè kan rí pé kó wọlé fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òṣogbo, ilé wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀ reluwé. Màmá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, a máa ra obì gbàǹja wá láti Ọ̀tan-Ilé. Àwọn Háúsá tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa ló ń dì í sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́, kí reluwé tó gbé e lọ sókè Ọya. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń sọ Háúsá sí mi létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn kọjá bí òjò orí páànù ni.

Sani, ọmọ ọ̀kan nínú wọn, ni ọ̀rẹ́ mi. Òun ló ń gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ nà mí, nítorí ojo paraku ni mí. Ewúrẹ́ lásán ti lé mi wọlé rí. Nígbà tó ku díẹ̀ ká ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà, bàbá bàbá rẹ̀ dé láti Kánò, ó ní òun máa mú un lọ. Nílé wọn, ọmọ kì í já bàbá àgbà níyàn. Màmá mi ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí n má dá sí i. Baba náà kò sì gbọ́ Yorùbá rárá.

Mo ní èmi ni n óò bẹ̀ ẹ́, ní Háúsá.

"Ìwọ?" ni Sani wí. "Ìwọ tí ewúrẹ́ lé?" Kò sì kọ́ mi lọ́rọ̀ kan, ó ní wọ́n á ní òun ló rán mi.

Mo lọ jókòó sídìí agbọ̀n. Mo pa ẹnu mọ́, mo tẹ́tí, mo ń wo ọwọ́ wọn. Tí wọ́n bá ní "bar shi nan", mo máa ń rí i pé agbọ̀n yẹn ò kúrò lójú kan. "Kar ka dauka" ni wọ́n fi ń dá alárù dúró kó má gbé e. Ohun tó jẹ́ ariwo lásán tẹ́lẹ̀ wá ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ń tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́ títí dé balùwẹ̀. Màmá mi rò pé ibà ló ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú baba náà. Mo kígbe: "Baba, bar Sani nan! Kar ka dauka!" Bí mo ṣe gbọ́ ọ nídìí ẹrù ni mo ṣe sọ ọ́. Mo pàṣẹ fún àgbàlagbà bí ẹni ń pàṣẹ fún alárù.

Baba náà wò mí, ó wo Sani, ló bá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kan. Bàbá Sani túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Ó ní òótọ́ ni, agbọ̀n yìí ò tíì kún. Ó di ẹ̀yìn ìdánwò."

A ṣe ìdánwò náà. Sani yege, èmi rá pálá kọjá, wọ́n sì mú un lọ. N kò rí i mọ́. Tírélà ló ń kó obì báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń di agbọ̀n lágbàlá wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Sani lọ, mo padà síbi tí mo jókòó sí, mo ń tẹ́tí nìṣó, títí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà. Òun náà á ti di bàbá àgbà báyìí. Bí mo bá pàdé rẹ̀, n óò kí i bó ṣe yẹ.