Wòlímá Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣàngó

Ọjọ́ kìíní tí Àfáà Sálíù wọ kíláàsì mi ní àdúgbò Ṣàngó, nílùú Ìlọrin, mo rò pé wọ́n ṣìnà ni. Wọ́n wé láwàní funfun, bírò mẹ́ta wà lápò àyà wọn, wọ́n sì gbé wàláà sábíyá, pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ilé-kéú fi ń kọ́ kíkà. Mo dìde, mo kí wọn, mo ní bóyá Ìyá Ràfíá ni wọ́n wá bá. Aránṣọ ni Ìyá Ràfíá. Òun ló fún mi ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n máa fi kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wá, Àǹtí," ó dá mi lóhùn láti orí bẹ́ńṣì iwájú. "Ìwé ni wọ́n fẹ́ wá kà."

Sárà lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè mí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Ìlọrin ní ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, a sì kọ́lé sí àdúgbò Basin. Ilé-ìwé girama ni mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn tí mo kọ́ á sì jẹ́rìí pé n kò gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọkọ mi ní kí n sinmi. Mo sinmi fún oṣù méjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Bí mo ṣe bá ara mi ní Ṣàngó nìyẹn, ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Lẹ́yìn kíláàsì ọjọ́ náà, Àfáà sọ ohun tó gbé wọn wá. Wọ́n gbọ́ Lárúbáwá bí ẹni mu omi, wọ́n sì ní ilé-kéú tiwọn tí ọmọ kún bámúbámú. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan tó wà ládùúgbò wọn ń wá olùkọ́ Lárúbáwá. Wọ́n lọ fún íńtáfíù. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó pè wọ́n ní kí Àfáà fi sọ̀rọ̀ nípa ara wọn, ahọ́n wọn sì lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó yí tábìlì ká wá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Àfáà yìí ò kàwé."

"Àǹtí, láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń kàwé," Àfáà wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n máa tún wa pè lóṣù mẹ́ta sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wí bẹ́ẹ̀ lójú mi."

Ó dùn mí wọnú eegun. Mo ṣèlérí fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì á yọ lẹ́nu wọn.

Bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ dí wọn lọ́nà. Inú ilé-kéú ni gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti dàgbà, bí wọ́n bá sì ti ṣí ìwé, wọ́n á jọ bú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á máa mì síwá sẹ́yìn bí igi ọ̀pẹ nínú afẹ́fẹ́. Etí mi kò gbà á. Mo gbé òfin kalẹ̀: "Ojú la fi ń kàwé níbí. Ẹ má mì, ẹ má sì pariwo." Wọ́n gbà, nítorí wọ́n mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Kíláàsì wá pa rọ́rọ́. Inú mi ń dùn pé wọ́n ti gbẹ̀kọ́, n kò mọ̀ pé oorun ló ń kùn wọ́n. Oṣù kan kọjá, Àfáà kò tíì lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n ṣe lánàá. Ohun àná, ohun òní, ohun ọ̀la, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ra bí àmúlùmálà.

Lọ́jọ́ kan, táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ jò lójú ọ̀nà, mo sì pẹ́. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ràfíá ni mo gbọ́ orin. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àfáà ni wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sára wàláà, wọ́n ń dá a, àwọn yòókù ń gbè é: "Go, went, gone! Eat, ate, eaten! Write, wrote, written!" Ohùn ilé-kéú pọ́ńbélé ni. Gbogbo wọn ń mì, Ìyá Ràfíá tilẹ̀ ń fi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ lu bẹ́ńṣì. Mo dúró gbọ́ wọn títí, n kò bá àṣìṣe kan níbẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, wọ́n dákẹ́ bí ọmọ tí ọwọ́ bà nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," Àfáà ní. "Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Lárúbáwá náà ní irú èyí, sọ́rúfù la ń pè é. Bí iṣẹ́ bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ á pààrọ̀ aṣọ. Bó bá ń lọ lọ́wọ́, á tún pààrọ̀ òmíràn. A kì í bá a jiyàn. A ó máa kọ ọ́ lórin títí ahọ́n á fi mọ ọ̀nà ilé, orí á wá tẹ̀ lé e."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ tún un dá, Àfáà. A ó máa bá yín gbè é."

Láti ọjọ́ náà, kíláàsì wa di ohun tí àwọn tó ń kọjá ń dúró wò. Ṣùgbọ́n ìdí orin lọ̀rọ̀ tún ti yọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí íńtáfíù, a fi dánra wò bí eré. Ìyá Ràfíá fi gíláàsì mi sójú, ó di ọ̀gá àgbà. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi Àfáà pé kí ni wọ́n ṣe lánàá. Wọ́n dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì: "Do, did, done. Eat, ate, eaten." Wọ́n kà á dé ìdajì wàláà kí n tó lè dá wọn dúró.

Ìyá Ràfíá rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́. "Àfáà, wọ́n ní kẹ́ ẹ bu omi wá, ẹ wá gbé gbogbo kànga."

Àfáà alára rẹ́rìn-ín títí láwàní fi yẹ̀ lórí wọn. A wá fẹnu kò pé kí wọ́n máa dá orin náà nínú ikùn, kí wọ́n sì mú ẹyọ kan ṣoṣo jáde. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ohun márùn-ún tí wọ́n ṣe lánàá lẹ́nu wọn kí n tó jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀wà, àti pé ìyàwó wọn máa ń ṣẹ́gun wọn nídìí ayò.

Lọ́jọ́ íńtáfíù, Àfáà gba GRA lọ láàárọ̀, níbi tí ọ́fíìsì àwọn agbanisíṣẹ́ wà. Èmi kò lè jókòó, èmi kò lè dúró. Ìyá Ràfíá rán apá aṣọ kan sódì, ó tú u, ó tún un rán sódì. Lẹ́yìn Àlàásárì ni Àfáà dé. Wọ́n bèèrè omi, wọ́n mu ún tán pátápátá.

"Àfáà, ẹ má pa wá," ni mo wí.

"Wọ́n ní kí n sọ nípa ara mi," wọ́n ní. "Mo dijú, mo dá a nínú. Wọ́n rò pé àdúà ni mò ń ṣe. Mo lajú, mo sọ ibi tí wọ́n bí mi, ẹni tó kọ́ mi, àti iye ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ. Ọkùnrin tó ní mi ò kàwé lọ́jọ́sí jókòó níbẹ̀. Ó bi mí pé látìgbà yẹn, kí ni mo ti ń ṣe."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní, I have read. Ó tẹ orí ba, ó kọ ọ́ sílẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé.

Ìyá Ràfíá ní kò ṣeé ṣe kí á parí ìwé láìṣe wòlímá. Ní Ìlọrin, bí ọmọ bá kàwé dé ibì kan nínú Kùráánì, wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á pe èèyàn, ọmọ náà á kà létí gbogbo wọn, wọ́n á sì yẹ́ olùkọ́ sí. Mo ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí a kà kò tó nǹkan wòlímá. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwé ni, Àǹtí?" Wọ́n gbé mósà àti wàrà wá, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, kálukú ka ojú ewé kan. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń mì.

Níkẹyìn, Àfáà gbé wàláà náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi Lárúbáwá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wà nílùú yìí, n kò lè ka ọ̀kan nínú irú ìkọ̀wé yẹn lára pátákó tí mò ń kọjá lójoojúmọ́.

"Kí lẹ kọ, Àfáà?"

"Ẹ wá kọ́ ọ."

"Oníṣọ́ọ̀ṣì ni mí o."

"Lẹ́tà kì í bèèrè ibi tí èèyàn ti ń gbàdúà, Àǹtí."

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéú nìyẹn. Ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ọmọ tí ọmọ-ọmọ mi dàgbà jù lọ, a ó jọ máa kígbe: alífù, bàá, tàá. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọn kò jẹ̀bi. Sátidé tó kọjá, mo yọ wàláà tí Àfáà fún mi lára ògiri pálọ̀ mi, mo gbé e lọ, mo sì fi í lé itan mi. Síìnì. Alífù. Ràá. Alífù. Mo mì síwá, mo mì sẹ́yìn, mo sì so wọ́n pọ̀.

Sárà. Orúkọ mi ni. Mo tún un kà sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.