Àdí Lára Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

“Sísí Morẹ́nikẹ́, ìwọ lo jí wọn. Ta ló fẹ́ràn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ọ nínú ilé yìí?”

Ọ̀gbẹ́ni Látóyè, ọ̀gá wa ní ilé ìkàwé kan nítòsí Terminus ní Jos, ló sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ní ìgbà ọyẹ́ kan ní apá ìparí àwọn ọdún 1970. Ìwé tuntun ni àwọn tó sọnù náà. A kò tíì lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn, nítorí náà òǹkàwé kankan kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní bí wọn kò bá padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Òótọ́ ni pé mo fẹ́ràn wọn. Ní Jenta Adamu, àdúgbò kan ní Jos, tí wọ́n bí mi sí, bàbá mi tó ń ta aṣọ máa ń ra àlòkù irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún mi. Màámi á pè mí títí, n kò ní dáhùn àfi tí mo bá mọ apànìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò lè jí ẹran inú ìkòkò jẹ mọ́, torí mo máa ń wá àpá epo lára ilẹ̀kùn. Ayé dùn nígbà yẹn!

N kò sunkún fún Ọ̀gá. Mo wá gbogbo àtẹ, mo sì rí ọ̀kan tí ẹnì kan ti tì sẹ́yìn àwọn ìwé òfin. Mo gbóòórùn rẹ̀, bí a ti máa ń gbóòórùn ìwé láti mọ̀ bóyá ó ti bu. Ladi, tí a jọ ń to ìwé, na imú sí i.

“Kai! Àdí nìyí!”

Nígbà ọyẹ́, gbogbo wa là ń fi ìpara pa ọwọ́ kó má bàa sán. Ọ̀gá nìkan ló ń fi àdí, òróró èkùrọ́ dúdú tí ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, pa tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń pariwo pé ìdọ̀tí ni ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, òun kò ka ọ̀kan rí.

“Lọ sọ fún un,” ni Ladi wí.

“Rárá o. Yóò ní èmi ni mo fi àdí pa á. Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi jẹ́wọ́.”

Mo ka ìwé náà tán. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí gbogbo wa ti pé sí yàrá Ọ̀gá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn inú rẹ̀ fún Ladi sókè ketekete.

“Ìyàwó olóògbé ló pa á. Ó bu májèlé sínú tíì.”

Ọ̀gá yíra lórí àga.

“Àní láti ojú ewé àkọ́kọ́ ló ti hàn pé ìyàwó ni…”

“Irọ́ ni!” Ọ̀gá fọwọ́ lu tábìlì. “Dókítà ni! Ṣé o kò ka ibi tó ti gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ni?”

Ladi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Haba, Ọ̀gá! Ẹ̀yin tí ẹ kò ka ọ̀kan rí?”

Ọ̀gá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó kó àwọn yòókù jáde, gbogbo wọn ń dán fún àdí. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní òun ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n yẹ ọmọlúàbí ni.

Nígbà tó yá, èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo tò síwájú ilẹ̀kùn, kí àwọn ọmọdé lè kọ́kọ́ rí wọn. N kò tíì dárí ji Ọ̀gá. Wọ́n ní ó ṣì wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì mọ̀ pé yóò sá pamọ́ ka èyí. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ nu ọwọ́ yín.